Asọ̀rọ̀mágbèsì Inú Ọkọ̀ Tí Ń Kú, Tí Ń Jí

Àwọn baba wa a máa wí pé, "Àbíkú sọ olóògùn di èké." Ẹ̀yin olùkàwé mi ọ̀wọ́n, bí ó bá ṣe pé àwọn baba wa ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ìgbà tiwọn, èmi rò pé wọn ìbá fi òwe yìí kan náà bá ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì inú ọkọ̀ wí. Ohun tí ó bàjẹ́ pátápátá kò ṣòro púpọ̀ láti tún ṣe, nítorí ó dúró sí ojú kan, a sì lè fi ọwọ́ tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ń kú tí ó sì ń jí, tí ń kọrin kíkankíkan ní ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ tí ó sì dákẹ́ bí a bá ti dé ojú ọ̀nà, òun ni í gba owó lọ́wọ́ ẹni, òun ni í sọ oníṣẹ́ di onírọ́, òun náà ni í sì dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàrin ẹbí. Nítorí ọ̀ràn ìkẹyìn yìí gan-an ni mo ṣe mú kálámù, nítorí ó kù díẹ̀ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ba orúkọ ọmọ kan jẹ́ ní ilé mi.

Bí kò bá sú yín, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 1930 ni ilé-iṣẹ́ Paul Galvin àti Joseph Galvin, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ní ìlú Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé asọ̀rọ̀mágbèsì inú ọkọ̀ jáde, wọ́n sì sọ ọ́ ní Motorola. Ní ọdún 1932 ni ilé-iṣẹ́ Blaupunkt ní ilẹ̀ Jámánì gbé tirẹ̀ jáde. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, ọdún 1935 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà gbé ohùn wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó, tí àpótí sì ń sọ̀rọ̀ lára ògiri tí a kò lè dá a lóhùn. Nítorí náà ni a ṣe ń pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Bátìrì ọkọ̀ ìgbà náà a sábà máa jẹ́ ti fóltì 6. Lẹ́yìn ọdún 1950 ni ti fóltì 12 gbilẹ̀. Bátìrì tí ara rẹ̀ le lónìí a máa ka bí fóltì 12.6 nígbà tí a bá pa ẹ́ńjìnnì, a sì máa gòkè dé bí 13.8 sí 14.4 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ tí ó sì ń bọ́ ọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye wọ̀nyí sí ọkàn, nítorí a óò tún padà bá wọn.

Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń lo ẹ̀rọ yìí mọ ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà dé ẹnu rẹ̀. Wáyà mẹ́ta ni ó ń bọ́ ọ. Ti èkíní, èyí tí ó jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a ń rà ní ọjà, ń ti ọ̀dọ̀ bátìrì wá tààrà, kì í sì í sinmi lọ́sàn-án tàbí lóru. Òun ni ó ń mú kí ẹ̀rọ náà rántí aago àti àwọn ibùdó tí a ti yàn sínú rẹ̀. Ti èkejì, èyí tí ó pupa, ń gba ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kọjá, bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ ni ó ń wí fún ẹ̀rọ pé, "Jí, ọ̀gá ti dé." Ti ẹ̀kẹta, èyí tí ó dúdú, ni wáyà ilẹ̀. Òun ni ó so ẹ̀rọ mọ́ irin ara ọkọ̀, tí iná tí ó ti ṣiṣẹ́ tán fi ń padà sí orí bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ iyì méjì àkọ́kọ́, wọn kò sì ka ẹ̀kẹta sí. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná kì í wọ ilé tí kò ní ọ̀nà àbájáde. Bí ọ̀nà àbọ̀ bá dí, àlọ pẹ̀lú ti dí nìyẹn.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un pé àwọ̀ wáyà tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ fi sínú ọkọ̀ kì í sábà bá ti ẹ̀rọ ọjà mu. Nínú ọkọ̀ púpọ̀, àwọ̀ ilẹ̀ ni wáyà ilẹ̀ ń jẹ́, kì í ṣe dúdú. Nínú ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn ẹ̀wẹ̀, àyè wáyà tí kì í sùn àti ti kọ́kọ́rọ́ yí padà sí ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ tuntun fi ń gbàgbé aago ní gbogbo ìgbà tí a bá pa ọkọ̀. Èyí kì í ṣe àìsàn rárá. Ẹ yí àwọn méjèèjì padà, ó parí.

Láti inú ohun tí mo ti sọ yìí ni ìbéèrè àkọ́kọ́ ti jáde wá, òun sì ni mo fẹ́ kí olúkúlùkù yín rántí bí ó tilẹ̀ gbàgbé gbogbo ìyókù: nígbà tí ẹ̀rọ bá kú tí ó sì tún jí, kí ni aago rẹ̀ wí? Bí aago náà bá pé, a jẹ́ pé wáyà tí kì í sùn wà ní pípé, wáyà ilẹ̀ sì wà ní pípé. Ọ̀dọ̀ wáyà pupa ni kí a lọ, kí a sì wo ojú ihò kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí aago bá ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, a jẹ́ pé ọ̀nà tí kì í sùn ti já, tàbí wáyà ilẹ̀ ti já. Aago yìí ni ẹlẹ́rìí tí kò gba rìbá.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ tí ó wà ní ilé mi, tòkunbọ̀ ni. Ó ti ní olówó kan ní òkè òkun, ó sì ti ní òmíràn ní Ìbàdàn níhìn-ín kí ó tó di tiwa. Asọ̀rọ̀mágbèsì tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n bí mọ́ ọn. Oníṣẹ́ kan tí èmi kò mọ̀ ni ó fi í sí i. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí dákẹ́ lójijì. Ìròyìn yóò máa lọ lọ́wọ́, a ó sì gbọ́ "kẹ̀", ohùn tán. Bí ó bá ṣe díẹ̀, yóò tún sọ̀rọ̀.

Ní àkókò yìí kan náà ni ọmọ àbúrò aya mi, ọmọkùnrin ọdún 16, wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ réwáyà ní òpópó kan tí kò jìnnà sí ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé pẹ̀lú ẹbí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá kí wa ní ọjọ́ kan, ẹ̀rọ sì dákẹ́ níṣojú rẹ̀. Ó béèrè ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo sì sọ fún un, ó mi orí, ó ní, "Àbúrò mi, ta ni ó tún mọ wáyà nínú ilé yìí? Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọmọ yẹn ti fi ẹ̀rọ rẹ kọ́ṣẹ́." Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti tàn ká. Àwọn aládùúgbò gbọ́ ọ, ọ̀gá tí ó ń kọ́ ọmọ náà níṣẹ́ gbọ́ ọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wí pé òun kò fẹ́ ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́ nínú ọkọ̀ oníbàárà. Ọmọ náà kò jiyàn. Ó dákẹ́, oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ sì ń di òwúrọ̀ nínú àwo. Ìyá rẹ̀ wà ní Ìsẹ́yìn, opó ni. Bí ọmọ náà bá pàdánù ọ̀gá yìí, kò sí owó tí a ó fi wá òmíràn fún un.

Mo dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ tiyín. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti ẹ̀rọ náà pẹ̀lú."

Kí n tó sọ bí ẹ̀rọ ṣe wí tẹnu rẹ̀, n óò sọ ti oníṣẹ́ kan tí a kọ́kọ́ pè. Ó tú ẹ̀rọ jáde, ó yọ ìsopọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi mítà tí a fi ń wọn iná tọ́ wáyà aláwọ̀ ìyeyè àti wáyà dúdú, mítà sì ka fóltì 12.4. Ó ní, "Ẹ wò ó, Bàbá, oúnjẹ ń dé. Ẹ̀rọ ni ó ti kú. Ẹ lọ ra tuntun." Owó tí ó wà ní ọwọ́ wa nígbà náà, a ti yà á sọ́tọ̀ fún ìdánwò àṣekágbá ọmọ wa obìnrin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo san owó iṣẹ́ rẹ̀, mo sì ní kí a fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Iṣẹ́ akọ̀wé ni iṣẹ́ mi, ohun tí ó sì wà ní ọwọ́ akọ̀wé ni ìwé. Mo fa ilà sínú ìwé kékeré kan, mo sì pín in sí ọ̀nà mẹ́fà: ọjọ́, wákàtí, ibi tí a wà, bí ojú ọ̀nà ti rí, bí ohùn ẹ̀rọ ti lọ sókè tó, àti ohun tí aago wí nígbà tí ó jí. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni mo ń kọ àwọn tí ó wà ní ilé ní ọjọ́ náà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ẹ̀rọ ti kú lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ kó sí kòtò tàbí tí ó gun òkè kékeré tí a fi ń dín eré kù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin jẹ́ nígbà tí ẹnìkan gbé ohùn sókè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó kú lójú ọ̀nà títẹ́jú, ní ọ̀sán gangan tí oòrùn mú. Ní gbogbo ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ni aago ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ náà lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn fún ọjọ́ 8 láàrin ìgbà yìí. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni ẹ̀rọ kú ní ọjọ́ wọ̀nyí. Ẹlẹ́jọ́ lè wí pé ó ti bà á jẹ́ kí ó tó lọ. Òtítọ́ ni, ìwé mi kò tíì dá a láre. Ohun tí ó fi hàn ni pé kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni ni ó ń pa á tí ó ń jí i, bí kò ṣe ìgbọ̀njìgbọ̀n ọkọ̀. Ohun tí ó bá ń mì tí ó sì ń já, ìsopọ̀ rẹ̀ ni kò dúró. Aago sì ti wí fún wa pé kì í ṣe wáyà pupa. Nítorí náà ọ̀nà méjì péré ni ó kù láti yẹ̀ wò, wáyà tí kì í sùn àti wáyà ilẹ̀, àti inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé kan mo pe ọmọ náà, mo ní, "Wá, kí ìwọ àti èmi jọ wò ó." Ó wo ojú mi pẹ́ kí ó tó wá.

Ẹ̀rọ ni a kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. A yọ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀ pátápátá, a gbé e sórí tábìlì pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan, a sì wá bátìrì mìíràn tí ara rẹ̀ le. A so wáyà aláwọ̀ ìyeyè àti wáyà pupa pọ̀ mọ́ orí bátìrì tí ó ní àmì àròpọ̀, pẹ̀lú fíúsì áńpù 10 ní àárín. A so wáyà dúdú mọ́ orí kejì. A gbé ohùn sókè, a fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì, a ń fi ọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ lóòrèkóòrè. Kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ̀ pé ara ẹ̀rọ le, àìsàn náà sì wà nínú ọkọ̀. Ẹ̀yin olùkàwé mi, ìdánwò yìí kò gbà ju wáyà díẹ̀ àti sùúrù lọ, ó sì tó láti gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ ríra ohun tí kò yẹ kí wọ́n rà.

Ẹnìkan lè béèrè pé, mítà oníṣẹ́ ńkọ́, tí ó ka fóltì 12.4? Mítà kò purọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a bi í kò tó. Mítà kì í jẹ oúnjẹ. Ìwọ̀nba iná tí ó ń fà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí okùn tín-ín-rín kan ṣoṣo lè gbé e. Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ń jẹun ní tirẹ̀, bí a bá sì gbé ohùn sókè, ó ń jẹ púpọ̀. Georg Simon Ohm, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Jámánì, ni ó fi ìwé rẹ̀ ti ọdún 1827 kọ́ ayé ní òfin náà: iye fóltì tí ó ń sọnù lójú ọ̀nà jẹ́ iye áńpù tí ń kọjá, tí a sọ di ìlọ́po pẹ̀lú ìdènà tí ó wà ní ọ̀nà náà. Bí ìdènà kan ṣoṣo, tí à ń pè ní òmù 1, bá wà nínú ìsopọ̀ tí ó ti dípẹtà, tí ẹ̀rọ sì ń fa áńpù 5, fóltì 5 ti sọnù nìyẹn; 7 péré ni ó kù nínú 12, ẹ̀rọ yóò sì kú. Ṣùgbọ́n bí mítà nìkan ni ó bá gun ọ̀nà kan náà, 12 ni yóò kà. Afárá tí ó gba ológbò kọjá lè máà gba ẹṣin.

Nítorí náà a wá ẹṣin. Gílóòbù iná ẹ̀yìn ọkọ̀, ti wáàtì 21, a máa fa bí áńpù 1.75 ní fóltì 12. Ó tó fún ìdánwò. A kọ́kọ́ fa wáyà ériàlì jáde, nítorí èèpo irin rẹ̀ pẹ̀lú a máa kan ara ọkọ̀, ó sì lè ṣe ilẹ̀ àyédèrú tí yóò tan ẹni jẹ. Lẹ́yìn èyí a fa wáyà gígùn kan láti orí bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò, a so ó mọ́ ẹnu gílóòbù kan, a sì fi ẹnu kejì kan wáyà tí kì í sùn. Gílóòbù tàn yòò. Mo gbọn àwọn wáyà, kò ṣẹ́jú. A yí i padà: a gba iná tó dájú láti orí bátìrì kejì, a sì fi ẹnu gílóòbù kan wáyà ilẹ̀ ti ẹ̀rọ. Ọmọ náà ni ó di gílóòbù mú. Ó tàn bí àtùpà tí epo tán nínú rẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan wáyà dúdú náà díẹ̀, ó kú pátápátá; mo tún fi ọwọ́ kàn án, ó jí.

Ọmọ náà wí jẹ́ẹ́ pé, "Bàbá, ẹ wò ó. Ilẹ̀ ni."

A tọ wáyà náà lọ. Ẹni tí ó fi ẹ̀rọ sínú ọkọ̀ ti lọ́ ọ mọ́ wáyà mìíràn lásán, ó sì fi téèpù wé e. Wáyà kejì yìí ni ó fi bóòtù kékeré kan dè mọ́ irin tí a kùn ní ọ̀dà, lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá; orí ìlà bóòtù nìkan ni iná ti ń rí ọ̀nà gbà, ìpẹtà sì ti bo ibẹ̀. Nígbà tí a tú téèpù, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti yọ́ nítorí ooru ọ̀pọ̀ ọdún, eruku sì ti mọ́ ọn bí àkàrà. Nínú gbogbo okùn tín-ín-rín inú wáyà náà, mẹ́ta péré ni kò tíì já. Ìpẹtà tí ó lẹ orí bóòtù mọ́ irin kò ní ojú sípánà kankan lára. Ọmọ ọdún 16 tí ó dé ilé wa ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn kò lè ṣe ìpẹtà ọdún púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dẹ́rù bà mí jù kò sí níbẹ̀. Nígbà tí a ń tọ wáyà tí kì í sùn, láti rí i dájú pé kò ní àléébù, a bá fíúsì kan nínú ilé rẹ̀. Fíúsì náà ti jó tẹ́lẹ̀. Ẹnìkan sì ti fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé e yíká kí iná lè máa kọjá. Ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ibẹ̀, wáyà náà ń ha ara rẹ̀ mọ́ etí irin mímú, èèpo rẹ̀ sì ti pọ́n, ó ti gan. Ìdí tí fíúsì fi jó ní àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹni tí ó wé bébà mọ́ ọn kò sì wá ìdí náà rí. Fíúsì ni olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà: bí iná bá pọ̀ jù, òun ni yóò kú kí ilé má bàa jó. Ẹni tí ó fi bébà fàdákà rọ́pò rẹ̀ ti pa olùṣọ́, ó sì ti gbé òkú rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà. Bí èèpo wáyà náà bá là pátápátá lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn ní ọjọ́ tí aya mi àti àwọn ọmọ wà nínú ọkọ̀, kò sí ohun tí ìbá dá iná náà dúró kí wáyà tó pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. A tú orí bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò. A fi sáńpépà ha irin títí ó fi ń dán, a fi òjé jó wáyà ilẹ̀ tuntun mọ́ òrùka irin, a sì fi bóòtù tí ó nípọn dè é mọ́ ara ọkọ̀ gan-an. A yí wáyà tí ó ń ha padà sí ibi tí kò sí etí mímú, a fi ọ̀pá rọ́bà bò ó, a sì fi fíúsì tuntun sí i, áńpù 10 gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ ti kọ ọ́ sára ẹ̀rọ. Nígbà tí a tan ẹ̀rọ tí a sì gbé ohùn sókè, a fi mítà wọn láàrin wáyà dúdú àti orí bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò: fóltì 0.06. Ibi tí ó bá ju bí 0.2 lọ níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ kò mọ́. Láti ọjọ́ náà, kòtò kò tún pa ẹ̀rọ wa lẹ́nu mọ́.

Mo tọ́jú wáyà tí ó já náà, bóòtù onípẹtà náà àti fíúsì oníbébà náà sínú àpò ìwé kan. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá, mo kó wọn sílẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé kékeré mi, n kò sì sọ púpọ̀. Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pe ọmọ náà, ó ní, "Ọmọ mi, má bínú sí mi. N óò lọ rí ọ̀gá rẹ fúnra mi lọ́la." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sì lọ ní ọjọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ó mú fíúsì náà lọ́wọ́. Ọ̀gá náà gbé e kọ́ sára ògiri ibi iṣẹ́ rẹ̀, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù lè máa rí i.

Gbogbo àìsàn ẹ̀rọ kò rí bákan náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn yòókù ní ṣókí fún ẹni tí tirẹ̀ yàtọ̀. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan nígbà tí a ń tan ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe àrùn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ a máa gba iná kúrò lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè rí agbára tó. Bí ó bá ń kú nígbà tí a bá mi kọ́kọ́rọ́, pàápàá tí ìdì kọ́kọ́rọ́ bá wúwo, inú ihò kọ́kọ́rọ́ ni ó ti jẹ. Bí ó bá ń kú nígbà tí ohùn lọ sókè nìkan, tí ilẹ̀ sì mọ́, ẹ wo wáyà àwọn gbohùngbohùn inú ilẹ̀kùn, bóyá ọ̀kan ń kan irin. Ẹ̀rọ a máa pa ara rẹ̀ láti dáàbò bo ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ojú rẹ̀ ṣeé yọ, ẹ fi aṣọ mímọ́ àti ẹ̀mí ọtí nu àwọn eyín wúrà ẹ̀yìn rẹ̀. Bí iná iwájú ọkọ̀ pẹ̀lú bá ń ṣẹ́jú nígbà kan náà, ẹ fi asọ̀rọ̀mágbèsì sílẹ̀. Orí bátìrì ni kí ẹ lọ tún dè.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta ni ó kù. Èkíní, ẹ má ṣe fi fíúsì tí ó ju iye tí ilé-iṣẹ́ kọ lọ rọ́pò èyí tí ó jó. Àwọ̀ wọn ń sọ̀rọ̀: pupa ni áńpù 10, àwọ̀ aró ni 15, àwọ̀ ìyeyè ni 20. Bí tuntun bá tún jó, ẹ wá ìdí rẹ̀. Èkejì, àwọn wáyà àti ìsopọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí ó wà ní abẹ́ ìdarí ọkọ̀ a sábà máa jẹ́ ti àpò afẹ́fẹ́ tí ń gba ẹ̀mí là. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kàn wọ́n, ẹ má sì fi gílóòbù dán wọn wò láéláé. Ẹ̀kẹta, àwọn asọ̀rọ̀mágbèsì kan tí ó bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ a máa béèrè nọ́ńbà àṣírí bí a bá tú bátìrì. Ẹ wá nọ́ńbà náà rí kí ẹ tó mú sípánà.

Bí ohun kan bá ń kú tí ó sì ń jí ní ilé yín, ì báà ṣe ẹ̀rọ, ì báà ṣe owó tí ń dínkù nínú àpótí, ẹ mú ìwé kí ẹ tó mú ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀. Wáyà tí ó já, òjé díẹ̀ yóò tún un ṣe ní ọ̀sán kan. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ tí a bá bà jẹ́ ní gbangba, èmi kò mọ òjé tí a fi ń jó o pọ̀.